Ìka ló ń kú, ìgúnpá ni wọ́n ń tẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Físíò. Télọ̀ ni mí. Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún mi àti èyí tó tẹ̀ lé e máa ń kú tí mo bá jí láàárọ̀, abẹ́rẹ́ sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Mo dé ọsibítù, ìgúnpá ni wọ́n ń tẹ̀. Kí ló kan ìgúnpá nínú ọ̀rọ̀ ìka?
Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹni tó tẹ ìgúnpá yín mọ ohun tó ń ṣe. Ṣé ẹ ti fi ìgúnpá gbá ilẹ̀kùn rí, tí ọwọ́ wá ń ta yín bí ẹni tí iná gbé? Eegun kọ́ ló ń ta yẹn. Iṣan ìmọ̀lára kan ni, ulnar nerve, tó ti ọrùn wá dé ìka. Ẹ̀yìn kókó eegun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá tó kọjú sí ara ló ń gbà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹran tó bò ó níbẹ̀. Bí a bá ká ọwọ́ kò, ọ̀nà rẹ̀ á fún, òun náà á sì nà tantan. Ó jọ pé ẹ máa ń ká ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí sùn.

Ẹ fa fọ́nrán òwú kan, ẹ di ojú, kí ọmọ yín fi kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín. Bí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọmọńdinrín ò bá mọ nǹkan, tí ẹ̀gbẹ́ kejì mọ̀ ọ́n, a ti rí i mú nìyẹn. Iṣan méjì ló sábà máa ń pín ìka yẹn. Èkejì, median nerve, ló ni àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín. Ọrùn ọwọ́ ni tiẹ̀ ti máa ń há. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó kì í mọ irú ààlà bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi kí Màmá.

Abẹ́rẹ́ tó ń bọ́ ló kàn mí jù. Ìka fúnra rẹ̀ kò ní ẹran tó ń fà á. Apá nísàlẹ̀ ìgúnpá àti àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ti àtẹ́lẹwọ́, iṣan ìgúnpá yìí ló ń pàṣẹ fún wọn. Ẹ fi àtàǹpàkò di bébà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀lá, kí ẹnì kan máa fà á. Bí orí àtàǹpàkò bá ń ká kò kó tó lè dì í mú, tàbí tí ẹran àárín ìka méjèèjì yẹn lẹ́yìn ọwọ́ ti ń jìn wọlé, ẹ padà sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ní ó di ẹ̀yìn Iléyá tí aṣọ bá dínkù.

Lálẹ́, ẹ wé táwẹ́lì mọ́ ìgúnpá kó má baà ká. Ẹ má fi ìgúnpá rọ tábìlì ẹ̀rọ mọ́. Àwọn oníbàárà tó ń pè nítorí aṣọ wọn, ẹ fi fóònù sórí tábìlì, kí ẹ tẹ sípíkà.