Wọ́n jọ ṣubú, wọn ò jọ sàn: ṣé jíìnì ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ṣubú lórí ọ̀kadà, wọ́n sì forí gbálẹ̀. Oṣù mẹ́rin rèé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbàgbé nǹkan, inú sì tètè ń bí i. Wọ́n ní jíìnì, ìyẹn àbùdá tí a jogún lára òbí, lè wà lára ohun tó fà á, pé ká lọ ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Ṣé ká sanwó rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má sanwó yẹn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ èsì rẹ̀ kò ní yí ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín padà.

APOE ni jíìnì tí wọ́n ń wí. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ε2, ε3 àti ε4, a sì ń jogún ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. (Kì í ṣe jẹnotáìpù AA tàbí AS tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì o, ti ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.) Òun ló ń pèsè puroténì tó ń ru ọ̀rá lọ síbi tí ọpọlọ ti bàjẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì lè fi tún ara wọn ṣe. Ti ε4 kì í ṣiṣẹ́ yìí dáadáa tó ti ε3.

Lọ́dún 1997, dókítà ọpọlọ kan, Graham Teasdale, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, ní Scotland, yẹ àwọn tó fara pa lórí wò, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 57 nínú 100 àwọn tó ní ε4 ló kú tàbí tó di aláìlera gidigidi. 27 ni láàrin àwọn tí kò ní in. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àwọn tó lé ní 1,000 wò, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, ìyàtọ̀ yẹn kò hàn mọ́ lápapọ̀, àfi lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Bẹ́ẹ̀, ε4 wọ́pọ̀ láàrin àwa Yorùbá, ìwádìí tó sì fi Ìbàdàn wé Indianapolis ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kò bá àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà rìn ní Ìbàdàn bó ṣe bá a rìn lọ́hùn-ún. Ta ló máa wá fi nọ́ńbà Glasgow ṣèdájọ́ ẹ̀gbọ́n yín?

Ohun tó ju jíìnì lọ wà nínú fáìlì rẹ̀. Ẹ béèrè èsì CT (fọ́tò inú orí), máàkì tí wọ́n fi wọn bó ṣe mọra tó lọ́jọ́ tó wọ ọsibítù (3 ló kéré jù, 15 ló pọ̀ jù), àti bóyá atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 90%, tàbí nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ 90. Ẹni méjì lè jọ ṣubú kí ọ̀kan ṣàìrí atẹ́gùn tó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyẹn ń ba ọpọlọ jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Oṣù mẹ́rin kò tíì pẹ́; àtúnṣe lè máa lọ fún ọdún kan sí méjì. Ẹ jẹ́ kó máa kọ nǹkan sílẹ̀, kó fi aago fóònù ránra rẹ̀ létí, kó máa ṣe iṣẹ́ kan tán kó tó bọ́ sí òmíràn. Kó sùn dáadáa. Kó jìnnà sí ọtí, kó má sì gun ọ̀kadà báyìí, torí ọpọlọ tí kò tíì jinná kì í lè gba ìkọlù kejì. Ìbínú yẹn jẹ́ ara ọgbẹ́ náà, ẹ má kà á sí ìwà burúkú.

Tí orí fífọ́ rẹ̀ bá ń le sí i, tó ń bì, tó ń sùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ń rọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti rọra gbára jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú fọ́tò CT àkọ́kọ́ dání kí dókítà lè fi tuntun wé e.