Èsì: Ìkìlọ̀ búlúù yẹn kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ojú búlúù tí Windows gbé jáde nígbà tí ẹ fẹ́ fi àpù ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ṣe ìwé owó alájẹṣẹ́kù yín ní Ìkẹ́rẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kò sọ pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ṣe é ni. Ẹ tẹ "More info", "Run anyway" á yọ nísàlẹ̀, ẹ tẹ ìyẹn náà.

Àmọ́ o, tó bá jẹ́ ojú ewé ẹni tó ṣe é gan-an lẹ ti dáńlóòdù ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ inú fíláàṣì tó ti yí gbogbo Adó po ni, ẹ pa á rẹ́.

Owó ni wọ́n ń gba ìwé-ẹ̀rí tí Windows ń wá, èyí tó ń fi ẹni tó ṣe àpù hàn, ó sì ní ọjọ́ tó máa parí. Ẹni kan ṣoṣo tó ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, níbo ni kó ti rí i?

Tí ẹni tó ṣe é bá kọ SHA-256 (àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáìlì kò yí padà) sójú ewé ẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt (ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí) níbi tí fáìlì náà wà, kẹ́ ẹ tẹ:

certutil -hashfile orúkọ-fáìlì SHA256

Àmì 64 ló máa jáde, ẹ fi wé èyí tó wà lójú ewé náà. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ iṣẹ́ mi á máa ka tibí, èmi á máa fìka tọ tọ̀hún. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má ṣí i.