Tọ́bò lórí Corolla: ṣé MAF ni ká fi sílẹ̀, àbí MAP ni ká gbé sí i?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé, Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń gba òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ sí Iléṣà lóṣooṣù. Corolla 2005 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 1ZZ oní-lítà 1.8. Mo ti ra tọ́bò kékeré kan tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, mo sì ti ra bréènbọ́ọ̀sì tuntun tí èèyàn lè fi láàpútọ́ọ̀pù tò fúnra rẹ̀. Ó lè lo MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ó sì lè lo MAP, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́. Ríwáyà mi ní kí n yọ MAF dànù, pé eruku ọyẹ́ máa ń bà á jẹ́, ó sì tún ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Mẹkáníìkì mìíràn ní MAP á máa ṣi ìwọ̀n epo bí mo bá ti ń gun òkè. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Kí ni mo sì gbọ́dọ̀ rà?

ÌDÁHÙN

Bí tọ́bò yẹn bá máa wọlé lóòótọ́, MAP ni kí ẹ mú. Bí kò bá wọlé, tó jẹ́ fíltà àti sáìlẹ́ńsà nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ fi MAF sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹnikẹ́ni má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àmọ́ ohun tí àwọn méjèèjì sọ fún yín kọ́ ló fà á.

Ohun kan ṣoṣo ni bréènbọ́ọ̀sì ń wá: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wọ sìlíńdà, kó lè mọ iye epo tí nọ́sùlù máa tú. Gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń jó gíráàmù epo bẹntiróòlù kan tán. MAF, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní éáfílò sẹ́ńsọ̀, ní wáyà tín-ín-rín kan tí iná ń mú gbóná. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá á máa mú un tutù, iye iná tó sì ń gbà kó tó gbóná padà ló ń sọ gíráàmù afẹ́fẹ́ tó kọjá. Bí ẹni gbé gààrí sórí òṣùwọ̀n ni.

MAP kì í wọn afẹ́fẹ́ rárá. Prẹ́ṣọ̀ inú mánífóòdù, ìyẹn páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sìlíńdà, ló ń kà. Kóńgò ni tiẹ̀: bréènbọ́ọ̀sì mọ bí kóńgò ṣe tóbi tó, ó mọ bí ohun inú rẹ̀ ṣe kì tó, ó wá ń ṣírò bó ṣe yẹ kó wúwo tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí ẹ́ńjìnnì yín. Sìlíńdà kan nínú 1.8 jẹ́ nǹkan bí 450 cc. Bí prẹ́ṣọ̀ mánífóòdù bá jẹ́ 100 kPa (kìlópáskà, ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀), tí afẹ́fẹ́ sì gbóná dé 40°C, lítà afẹ́fẹ́ kan wúwo tó gíráàmù 1.11, nítorí náà kóńgò 450 cc tó kún dẹ́nu gba gíráàmù 0.50. Ṣùgbọ́n kì í sábà kún dẹ́nu. Bó bá kún dé 85 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 0.43 ló wọlé, epo tó bá a mu sì jẹ́ gíráàmù 0.029.

85 yẹn la ń pè ní VE. Sẹ́ńsọ̀ kankan kì í kà á. Ẹni tó to ẹ́ńjìnnì ló ń kọ ọ́ sínú àtẹ kan, oríṣi yíyí ẹ́ńjìnnì lápá kan, oríṣi prẹ́ṣọ̀ lápá kejì. Bí ẹ bá yí kámúṣáàfù tàbí sáìlẹ́ńsà padà, bí àwọn fáàfù bá di dúdú, VE ti yí, àtẹ kò sì mọ̀. MAF á mọ̀, torí pé òṣùwọ̀n ló ń lò. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má kúrò lórí MAF bí ẹ kò bá ní fi tọ́bò sí i.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan MAF ńkọ́? Pé ó ń dí afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni: éáfílò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọdún 1980 sí 1990 ní ilẹ̀kùn kan tí afẹ́fẹ́ ní láti tì kó tó kọjá. Wáyà tín-ín-rín ti Corolla yín kò dí nǹkan kan tó lè hàn lójú ọ̀nà. Ti eruku jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n fíltà ayédèrú tí kò bo ẹnu ilé rẹ̀ dáadáa ló ń jẹ́ kí eruku débẹ̀, òun àti fíltà olówùú tí wọ́n fi òróró rẹ àrẹjù. Bí ó bá ti dọ̀tí, spray tí wọ́n ṣe fún MAF ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ti kábúrétọ̀, kì í ṣe epo bẹntiróòlù, ẹ má sì fi òwú tàbí ìka kan wáyà yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó dá a padà. Ẹ fi skánà wò ó: bí ẹ́ńjìnnì 1.8 bá ti gbóná, tó wà ní sílò, tí AC sì wà ní pípa, gíráàmù 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló yẹ kó kà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá lójú ọ̀nà títí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kó kọjá 80. Bó bá dúró sí 50, wáyà náà ti dọ̀tí, tàbí sẹ́ńsọ̀ ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, tàbí kátálíìsì tó ń fọ èéfín nínú páìpù sáìlẹ́ńsà ti dí.

Ẹ sì jọ̀ọ́, yíyọ wáyà MAF kúrò lára bréènbọ́ọ̀sì Toyota kò sọ ọkọ̀ di oní-MAP. Corolla yẹn kò ní MAP. Bréènbọ́ọ̀sì kàn máa fi ìwọ̀n tí trọ́tù ṣí àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí méfò ni, kí ẹ lè dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ ń gun ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ń bú epo pé kò pẹ́.

Ní ti òkè, ìbẹ̀rù yẹn kò ní ìdí. Prẹ́ṣọ̀ gan-an ni MAP ń kà, bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́ lókè, òun ló kọ́kọ́ máa rí i. Adó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 450. Bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, MAP tó dára á ka nǹkan bí 96 kPa ní Adó, níbi tí yóò ti ka 101 ní Èkó. Àìmọ̀ èyí ti jẹ́ kí wọ́n sọ sẹ́ńsọ̀ tó dára nù gan-an. Camry Pencil oní-pisítìn mẹ́rin ń lo MAP, Big Daddy ń lo MAF, àwọn méjèèjì sì ti ń gun òkè wa láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ló wá dé tí tọ́bò fi yí ọ̀rọ̀ padà? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, MAF ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Agbára ẹṣin kan (horsepower) ń gba nǹkan bí gíráàmù afẹ́fẹ́ 0.8 ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ẹṣin 130 tí Corolla jáde pẹ̀lú ń gba nǹkan bí 105. Bí tọ́bò bá gbé e dé 170, ẹ ń wá 136. Bí fóltéèjì MAF bá ti dé etí 5, afẹ́fẹ́ tó wọlé lẹ́yìn ìyẹn kò hàn sí bréènbọ́ọ̀sì mọ́, epo ò ní tó, pisítìn á sì yọ́. Ẹ lè gbé e sínú páìpù tó fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tún gbogbo òǹkà rẹ̀ kọ. Èkejì, páìpù tọ́bò pọ̀, ìsopọ̀ rẹ̀ pọ̀, ìdè kan tó bá tú lẹ́yìn MAF á da ìwọ̀n rú. Fáàfù tọ́bò tó ń tú afẹ́fẹ́ dànù nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí trọ́tù á mú kí ó rú èéfín dúdú, torí pé afẹ́fẹ́ tí MAF ti kà tẹ́lẹ̀ ni ẹ dà nù. MAP kò bìkítà fún ìyẹn. Ẹ̀kẹta, MAF fẹ́ páìpù gbọọrọ, tó gùn tó ìlọ́po mẹ́wàá ìbú rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ má máa yí po. Nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla, ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ rí i.

Ohun tí ẹ máa rà: MAP tó lè ka 250 kPa. Eléyìí tó ń dúró sí 105 kò wúlò fún tọ́bò. Ẹ fi kún un sẹ́ńsọ̀ ooru afẹ́fẹ́, torí pé inú MAF ni ti Corolla wà, bí ẹ bá yọ ọ̀kan, ẹ ti yọ méjèèjì. Ẹ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn wideband, èyí tó ń sọ nọ́ńbà gan-an, ìyẹn iye gíráàmù afẹ́fẹ́ sí gíráàmù epo kan. Kò sí àtẹ VE láìsí i. Nọ́sùlù tuntun tí kò dín ní 350 cc ní ìṣẹ́jú kan, àti fíyúùlù pọ́ǹpù tó lè gbé e. Ẹ́ńjìnnì yẹn ní kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n 10 sí 1, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí tọ́bò kọjá 0.4 báà, ìyẹn ni nǹkan bí 136 kPa lójú MAP ní Adó. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé e dé 1 báà lórí pisítìn tó bá ọkọ̀ jáde, ẹ má gbà.

Hóòsì MAP gbọ́dọ̀ kúrú, kó ti inú àpò mánífóòdù tí gbogbo sìlíńdà ti ń mu jáde, kì í ṣe láti ẹnu sìlíńdà kan ṣoṣo. Ẹ má so ó mọ́ hóòsì búréèkì. Kí sẹ́ńsọ̀ ga ju ibi tí hóòsì ti jáde lọ, kí òróró má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹ dè é dáadáa. Hóòsì tó bá bọ́ á mú kí bréènbọ́ọ̀sì rò pé prẹ́ṣọ̀ 96 ló wà ní sílò, epo á sì rì plọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀.

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ ooru máa wà ló ń da ọ̀pọ̀ iṣẹ́ MAP rú. Ẹ páàkì sí Ọjà Ọba ní ọ̀sán gangan, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà lára irin tó ń gbóná, á ka 65°C, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé wà ní 40. Bréènbọ́ọ̀sì á rò pé afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, á dín epo kù ní nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n bí ẹ bá ti tan án. Ẹ gbé e sínú páìpù rọ́bà tàbí ike lẹ́yìn íńtákúlà tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, kó kù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ dé trọ́tù, kí ẹ sì ra èyí tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò ní pẹ́ tutù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan àtẹ VE, ẹ kọ́kọ́ to VVT-i. Ọ̀pọ̀ ló ń fò ó. 1ZZ ní VVT-i, tó ń yí ìgbà tí fáàfù ń ṣí padà, gbogbo ìyípadà yẹn sì ń yí VE. Bí ẹ bá kọ àtẹ tán kí ẹ tó fọwọ́ kan VVT-i, ẹ máa tún un kọ. Fún ìdí kan náà, ẹ máa pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì lásìkò: bí ìdọ̀tí bá há fáàfù VVT-i, MAF ì bá ti rí i, MAP ò ní rí i, epo á kàn ṣì ni. Ẹ fi ìwọ̀n gidi nọ́sùlù yín sí i pẹ̀lú, àti àkókò tó ń jáfara kó tó ṣí ní fóltì 12 àti ní 14. Bí bátìrì bá rọ̀ tí AC sì wà ní títàn, ibẹ̀ ni sílò ti ń dàrú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa àtúnṣe àìfọwọ́yí tí bréènbọ́ọ̀sì ń fi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ṣe. Kí omi ẹ́ńjìnnì kọjá 80°C. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 50 fún sílò, 65 fún ìrìn jẹ́jẹ́, 85 fún ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀nà tó dákẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹni kan á wakọ̀, ẹnìkejì á di láàpútọ́ọ̀pù mú. Ẹ dúró lójú yàrá kan nínú àtẹ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún. VE tuntun ni VE àtijọ́, lọ́nà iye tí wideband kà, kí ẹ pín in sí iye tí ẹ ń wá. Bí 60 ló wà níbẹ̀, tí ẹ ń wá 14.7 tí ẹ rí 15.9, 65 ni kí ẹ kọ. Ìrìn jẹ́jẹ́ máa wà ní 14.7, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ láìsí tọ́bò ní 12.8, tọ́bò ní 11.5 sí 11.8. Ẹ parí gbogbo yàrá tó wà lábẹ́ 96 kPa kí tọ́bò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Yàrá òkè, kí ẹ kọ́kọ́ kọ epo tó pọ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tọ́jú wáyà àtijọ́, MAF àti bréènbọ́ọ̀sì Toyota sínú páálí kan. Kí ẹ má ṣe gé wáyà ọkọ̀ kúrú. Nígbà tí ẹ bá sì kọ́kọ́ gbé e gun Ẹ̀fọ̀n, kí ẹnìkejì máa wo wideband láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bó bá kọjá 12.2 nígbà tí MAP wà lókè 110 kPa, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí trọ́tù lójú ẹsẹ̀, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ fi epo kún yàrá náà kí ẹ tó máa lọ.