Èsì: Amòye mélòó?
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín dáa, pé báwo lèèyàn ṣe lè ka Bíbélì láìfi èrò ọkàn rẹ̀ kà á. Ẹ dán èyí wò ná: kí ẹ tó ṣí Mátíù orí 2, ẹ kọ iye àwọn amòye tó wá kí Jésù sílẹ̀. Mẹ́ta, àbí? Ẹ wá kà á. Kò sí iye wọn níbẹ̀. Ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta: wúrà, tùràrí àti òjíá. Ẹsẹ 11 tún ní inú ilé ni wọ́n ti bá ọmọ náà, kì í ṣe ibùjẹ ẹran bá a ṣe máa ń rò. (Eré Kérésì ló kó bá wa, èmi gan-an ti ṣe amòye kẹta rí!) Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn: màá kọ ohun tí mo rò sílẹ̀, màá ka odindi orí, màá wá fagi lé èyí tí mi ò bá rí.