Èsì: Ọlọ́pàá abúlé tí kì í wá ìgbéga

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ń wá ìtàn ọlọ́pàá abúlé tó ń tú àṣírí apànìyàn, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ní kún inú rẹ̀. Ẹ ka ọ̀wọ́ ìwé Hamish Macbeth tí M.C. Beaton kọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àkọ́kọ́, Death of a Gossip, tó jáde lọ́dún 1985. Lochdubh, abúlé àròsọ kan létí omi ní àríwá Skọ́tíláǹdì, ni Hamish, ọlọ́pàá inú ìwé náà, ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò fẹ́ ìgbéga rárá: tó bá rí apànìyàn mú, ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó gba ìyìn, kí wọ́n má baà gbé e kúrò lábúlé. Ó mọ àwọn ará ibẹ̀ dáadáa, òfófó wọn ló sì fi ń ṣèwádìí. Ẹ má tíì wo eré tẹlifíṣọ̀n BBC ti 1995 o, ó yàtọ̀ sí ìwé gan-an.