Báwo ni olówó ṣe lè mú kí ẹgbẹ́ rugby league (irú rugby tí ènìyàn mẹ́tàlá ń gbá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan) yege, kí àṣeyọrí náà sì pẹ́?

Kó fi sùúrù náwó rẹ̀. Ìdíje NRL ní Ọsirélíà àti Super League ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi gbèdéke sí owó oṣù tí ẹgbẹ́ lè san fún agbábọ́ọ̀lù, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi owó ra ife wàràwàrà. Kóòṣì tó mọṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tọ́ dàgbà àti ọ́fíìsì tó létò ni kí owó náà bá lọ.

Ẹ wo South Sydney, ẹgbẹ́ NRL kan ní Ọsirélíà. Ní 2006, òṣèré Russell Crowe àti Peter Holmes à Court ra ìpín 75 nínú 100, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì di 25 yòókù mú. (Èyí ṣe pàtàkì gan-an: àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà ṣì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.) Ife ò tètè dé. Michael Maguire gba iṣẹ́ kóòṣì ní 2012. Ní 2014, wọ́n na ẹgbẹ́ Canterbury 30 sí 6, ife àkọ́kọ́ láti 1971.

Ti Toronto Wolfpack, ẹgbẹ́ kan láti Kánádà, dùn mí. Owó David Argyle, ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà, ló gbé e ró jù. Wọ́n gba Sonny Bill Williams, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù láti New Zealand, wọ́n wọ Super League ní 2020, ni kòrónà bá dé. Ní oṣù keje wọ́n fi ìdíje sílẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ń retí owó oṣù.