Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ìfẹ́ Tí Kò Bójú Mu Nínú Fan Fiction Anime Àtijọ́

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí dá lórí fan fiction, ìyẹn àwọn ìtàn tí àwọn tó fẹ́ràn eré anime kan (eré àwòrán ilẹ̀ Japan) ń fi àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kọ fúnra wọn.

Mo ń ka àwọn ìtàn Naruto tó ti pẹ́, mo sì rí i pé wọ́n fi Neji ṣe ọkọ Hinata nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni àwọn méjèèjì! Ṣé àwọn tó kọ ọ́ ò mọ̀ ni? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Wọ́n mọ̀ dáadáa. Òfin ilẹ̀ Japan gbà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò fẹ́ra, nítorí náà ohun tó jẹ́ èèwọ̀ lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin níbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, kí mángà Naruto (ìwé ìtàn alàwòrán) tó parí ní 2014, kò tíì dájú ẹni tí Hinata máa fẹ́, oníkálukú sì ń so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó wù ú.

Ṣùgbọ́n ti àwọn méjì yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbejì ni Hiashi bàbá Hinata àti Hizashi bàbá Neji, ìbejì tó jọra débi pé wọ́n fi òkú ọ̀kan rọ́pò èkejì. Tí a bá ní ká wo ẹ̀jẹ̀, bí ọbàkan ni wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn. Ẹ tún wo iwájú orí Neji: àmì wà níbẹ̀ tí ilé àgbà nínú ìdílé Hyuga lè fi dá a lóró nígbà tó bá wù wọ́n, ọmọ ilé àgbà sì ni Hinata. Lẹ́yìn èyí, nínú ìdánwò Chunin (ìdánwò ìgbéga àwọn ninja), Neji lu ọmọbìnrin yìí débi pé àwọn olùkọ́ ní láti dì í mú kó má baà pa á.

Àwọn ìtàn tí kò dára máa ń fo gbogbo èyí dá. Lórí kìíní, àwọn àgbà ìdílé á pàṣẹ pé kí wọ́n fẹ́ra. Nígbà tó bá fi máa di orí kẹta, Hinata ti ń sunkún ayọ̀. Kò síbi tí wọ́n ti bi í léèrè, kò sì síbi tí Neji ti bẹ̀ ẹ́ nítorí lílù tó lù ú. Nígbà tí ẹ bá ń kà á, ẹ wá ibì kan ṣoṣo tí Hinata ti lè sọ pé rárá, tí nǹkan kan ò sì ní ṣe é. Tí ẹ bá ka orí márùn-ún láì rí i, ẹ pa á dé.

Ẹnìkan sọ pé ìbátan ni Haruka àti Michiru inú Sailor Moon, síbẹ̀ wọ́n ń fẹ́ra. Èwo ni ká gbà? (Òǹkàwé, London)

Wọn kì í ṣe ìbátan rárá. Olólùfẹ́ ni wọ́n nínú mángà Naoko Takeuchi, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Àwọn tó ṣe ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000 ló pè wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, kí ìfẹ́ náà má baà hàn. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, àwòrán ò yí padà, ló bá di pé òǹwòran ń rí ìbátan tó ń wo ara wọn lójú bí olólùfẹ́. Ìtàn tó bá pè wọ́n ní ìbátan, ẹ̀dà yẹn ni ẹni tó kọ ọ́ wò.

Ọmọ mi ọmọ ọdún 15 ń ka ìtàn lórí Archive of Our Own, ìkànnì tí wọ́n ń kó fan fiction sí. Báwo ni mo ṣe lè bá a yọ àwọn èyí tí àgbàlagbà ti ń fẹ́ ọmọdé kúrò? (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Ẹ ṣí ojú ewé àwọn ìtàn anime tó ń kà, ẹ tẹ "Filters", kí ẹ sì lọ sísàlẹ̀ síbi "Exclude". Lábẹ́ "Warnings", ẹ fàlà sí èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Underage" àti "Rape/Non-Con". Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń dúró nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni irú ìtàn yìí ti ń yọ́ wọlé. Ẹ fàlà sí "Creator Chose Not To Use Archive Warnings" pẹ̀lú, torí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé ò sọ ohunkóhun nípa ohun tó wà nínú ìtàn náà. Òun ló sì máa ń wà lára ìtàn àtijọ́ tí wọ́n kó wá láti àwọn ibi tó ti kógbá sílé. Lábẹ́ "Ratings", ẹ yọ "Mature", "Explicit" àti "Not Rated". Ẹ wá tẹ "Sort and Filter". Tó bá lọ sí anime míì, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́, nítorí náà ẹ tọ́jú àdírẹ́sì ojú ewé tí ẹ ti sẹ́ yẹn sórí fóònù rẹ̀.

FanFiction.Net, ìkànnì fan fiction míì tó wà láti 1998, ò ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà K, K+, T àti M tó ń sọ ọjọ́ orí òǹkàwé nìkan ló ní, ìfẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì lè wà lábẹ́ T (ti ọ̀dọ́) tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ ibùsùn níbẹ̀. Ẹ ka àkọsílẹ̀ tó wà lókè ìtàn: "lemon" túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ibùsùn wà nínú rẹ̀, "lime" rọjú díẹ̀.

Mo fẹ́ tún ìtàn Sesshomaru àti Rin inú Inuyasha tí mo kọ nígbà kan kọ. Tí mo bá sọ Rin di ọmọ ọdún 20, ṣé ó ti tán? (Òǹkọ̀wé, Èkó)

Kò tíì tán. Ọmọ òrukàn ni Rin, ìkookò ló pa á, Sesshomaru, àǹjọ̀nú tó ti dàgbà, ló fi idà Tenseiga jí i dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló sì ń tọ̀ kiri. Alágbàtọ́ Rin ni Sesshomaru. Lóòótọ́, Yashahime, eré tó tẹ̀lé Inuyasha, tó bẹ̀rẹ̀ ní October 2020 fi Rin ṣe ìyá àwọn ìbejì Sesshomaru, Towa àti Setsuna, ṣùgbọ́n pé àwọn tó ni eré gbà á ò sọ ọ́ di ohun tó dára.

Gbólóhùn tó ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ jù ni "ó ti ń dúró dè é láti kékeré." Òǹkọ̀wé rò pé ìfẹ́ tó jinlẹ̀ lòun ń sọ, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó ń tọ́ ọmọ dàgbà fún ara rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Bí ẹ fi 10 ọdún tàbí 20 kún ọjọ́ orí Rin, gbólóhùn yẹn ṣì ń tọ́ka sí ọmọ kékeré.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ yọ ìfẹ́ náà kúrò pátápátá. Ìparí mángà ti ṣí ọ̀nà fún yín: wọ́n fi Rin sọ́dọ̀ ìyá àgbà Kaede kó lè gbé láàárín èèyàn, kó sì yan ọ̀nà tirẹ̀ bó bá yá. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ibi tí ẹ ti ṣàpèjúwe ẹwà Rin lójú Sesshomaru rẹ́, kí ẹ tó ka ohun tó kù. Ibi tí wọ́n ti pínyà, àti ibi tó ti ń padà wá wò ó, ló máa ń lágbára jù. Tí ẹ bá parí, ẹ rántí àmì tí ẹ máa fi sáàárín orúkọ méjèèjì lórí Archive of Our Own: "/" ni ti ìfẹ́, "&" ni ti ọ̀rẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí. Tí ẹ bá gbàgbé "/" síbẹ̀, àwọn tó ń wá ohun tí ẹ yọ kúrò ló máa kọ́kọ́ dé.